Ta Ni A Ó Ké Sí? Ìtàn Ọ̀nà Ìrànlọ́wọ́ fún Àìsàn Ọkàn àti Ọpọlọ ní Ilẹ̀ Yorùbá, láti Ìfọ́n Wò Ó

Ìfáárà

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó dákẹ́ nìkan ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa. Bí ẹni náà bá fẹ́ la ẹnu, ta ni yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún? Ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn? Kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán?

Àìsàn ọkàn àti ti ọpọlọ ni mo ń wí. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, wèrè tí ó wọ àkísà láàrin ọjà ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kan abiyamọ tí ó bímọ tuntun tí ẹkún kò sì dá lójú rẹ̀. Ó kan ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó kan baálé ilé tí oorun ti dá a fún oṣù mẹ́ta, tí ó sì ń rò ó lọ́kàn pé ikú yá ju ayé lọ, síbẹ̀ tí ó ń wọ aṣọ rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní àràárọ̀. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Iṣẹ́ tí mo gbé lé ara mi lọ́wọ́ ni láti tọpa ìtàn àwọn ọ̀nà tí irú àwọn ènìyàn báwọ̀nyí ti ń gbà rí ìrànlọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa, láti ìgbà àwọn baba ńlá wa títí di ìgbà tí a ń fi fóònù wá olùgbọ́. Èrò mi ni pé a kò lè lóye ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń sá fún ìrànlọ́wọ́ tí ó wà lónìí bí a kò bá mọ ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ náà ní àná.

Ìfọ́n àti òrìṣà rẹ̀

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìfọ́n. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mo ń wí, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òrólú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí òun àti Ìlobù, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, jọ múlé gbe ara wọn, tí Òṣogbo kò sì jìnnà sí wọn. Olúfọ́n ni orúkọ oyè ọba ibẹ̀. Orúkọ yìí kan náà ni a fi ń pe Ọbàtálá ní Òrìṣà Olúfọ́n, ó sì ti bá àwọn ẹrú la òkun kọjá. Ní Brazil, Oxalufã ni wọ́n ń pe òrìṣà náà, arúgbó tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó tẹ̀ síwájú, tí ó ń fi ọ̀pá rìn.

Ọbàtálá ni àwọn baba wa gbà pé ó ń mọ ara ènìyàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ka àfín, abuké, arọ àti aràrá sí ẹni òrìṣà, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀wọ̀ òrìṣà ni a fi ń wo àfín. Ìmọ̀ràn tí ó wà nínú ìgbàgbọ́ yìí jinlẹ̀: àbùkù ara kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó ní in.

Ìtàn kan tún wà nípa Òrìṣà yìí tí gbogbo wa mọ̀. Ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá kìlọ̀ fún un pé ọ̀nà náà kò dára, ṣùgbọ́n ó lọ. Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó sì da epo àti èédú sí aṣọ funfun rẹ̀ lára. Nígbà tí ó dé ẹ̀bá ìlú, ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó ti já, ó sì mú un. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rò pé ó jí i ni. Wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Ọdún méje ni ó fi wà níbẹ̀. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Oko kò so, aboyún kò bí. Ìgbà tí wọ́n tó dífá ni wọ́n tó mọ̀ pé aláìṣẹ̀ kan wà ní àhámọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó gbé Òrìṣà dé ẹ̀wọ̀n. Aṣọ rẹ̀ ti dọ̀tí, kò rí ọ̀rọ̀ sọ, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ẹni tí ó jẹ́. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ni àwọn baba wa fi ìtàn náà sọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìjọba amúnisìn láìpẹ́, a ó tún pàdé arúgbó aláṣọ ìdọ̀tí náà ní ẹ̀wọ̀n.

Ilé oníṣègùn àti ilé àdúrà

Kí òyìnbó tó dé, ẹbí ni ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ìrànlọ́wọ́. Bí ìwà ẹnì kan bá yí padà, àwọn àgbà ilé ni yóò kọ́kọ́ gbìmọ̀. Wọn a lọ bi Ifá. Bí ọ̀ràn náà bá le, wọn a mú aláìsàn lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ó mọ ìtọ́jú wèrè. Inú agbo ilé oníṣègùn ni aláìsàn yóò máa gbé fún oṣù púpọ̀, ìbátan rẹ̀ kan yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa se oúnjẹ fún un.

Ìmọ̀ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí kì í ṣe ìmọ̀ yẹpẹrẹ. Wọ́n mọ ewé àti egbò púpọ̀, pàápàá àṣofẹ́yẹjẹ, tí wọ́n fi ń mú ara aláìsàn rọ̀, tí wọ́n sì fi ń mú un sùn. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Switzerland yọ èròjà tí wọ́n pè ní reserpine láti ara ìbátan igi yìí tí ó ń hù ní Íńdíà. Àṣofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní èròjà yìí nínú. Fún ìwọ̀nba ọdún, àwọn dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lo reserpine fún irú àìsàn tí àwọn baba wa ti ń fi igi náà wò tipẹ́.

Àmọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ di oríkì. Ṣẹkẹṣẹkẹ wà nínú ìtọ́jú yẹn. Nínà wà níbẹ̀. Fífi ebi pa aláìsàn wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀wọ̀ tí a ń fi wo àfín kò sì fi gbogbo ìgbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. A wí pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ní ilé kan, wọn a wádìí bóyá wèrè wà ní ìran wọn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ẹbí tí ó yẹ kí ó ṣí ilẹ̀kùn náà ṣe di ẹni tí ó ń tì í, nítorí kí orúkọ ilé má baà bàjẹ́.

Ní ọdún 1930, ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe aṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, kò sì pẹ́ tí ìjọ aládùúrà fi tàn ká gbogbo agbègbè Ọ̀ṣun. Ilé àdúrà di ẹnu ọ̀nà mìíràn, pẹ̀lú omi, ààwẹ̀ àti ìsun. Àwọn àáfáà náà ń ṣe tiwọn ní ti rúkíyà àti hàńtú. Títí di òní, ibi wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ sá lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: wọ́n súnmọ́ ilé, èdè wa ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà tí ọlọ́pàá di adènà

Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ọgbà àwọn aláìsàn ọpọlọ sí Yábàá ní Èkó, èyí tí ó ti di ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ lóde òní. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní ọgbà, nítorí pé ìhámọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, kì í ṣe ìwòsàn. Ọdún 1916 ni wọ́n ṣe òfin àwọn aṣiwèrè. Lábẹ́ òfin yìí, iwájú adájọ́ ni wọn yóò mú ẹni tí a fura sí lọ. Dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá rí i pé orí rẹ̀ dàrú, adájọ́ yóò pàṣẹ pé kí wọ́n hámọ́ ọn. Nígbà tí àyè kò sì tó nínú ọgbà, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí.

Ní ọdún 1916 kan náà ni Ìwé Òfin Ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abala 327 rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ti ṣẹ̀, ó sì lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, ọlọ́pàá ni yóò mú un. Ẹni tí ìbànújẹ́ borí rẹ̀ tí ó fẹ́ kú, ọlọ́pàá ni yóò mú òun náà. Ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba pèsè ní àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí ènìyàn kò lè dé láìgba ọwọ́ ọlọ́pàá àti adájọ́ kọjá. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀? Ẹbí wo ni yóò fa ọmọ rẹ̀ lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí ọ̀rọ̀ ti sú pátápátá? Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa wá ìtọ́jú, kí a rántí pé ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ìbẹ̀rù náà sì ní ìtàn.

Ní ọdún 1936 ni Robert Cunyngham Brown, dókítà kan láti Ìlú Ọba, wá yẹ ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà wò. Ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1938. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó mú kí nǹkan yí díẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun wa tí ogun ti da ọkàn wọn rú ń bọ̀ wá sílé, wọn kò sì ṣeé jù sí ẹ̀wọ̀n. Ní 1944 wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú. Àní ibi tí wọ́n rí fún wọn náà, ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀.

Àrò: abúlé di ilé-ìwòsàn

Ní ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn tuntun ní Àrò, Abẹ́òkúta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Wọ́n bí i ní 1923, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Nígbà tí ó dé, wọn kò tíì kọ́ ilé-ìwòsàn náà parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó de àwọn bíríkìlà. Lambo lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tí ó wà ní àyíká ibẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn.

Báyìí ni ètò náà ṣe rí. Aláìsàn yóò wá pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, ìyá, arákùnrin tàbí ìyàwó, tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀. Wọn yóò gba yàrá ní abúlé. Ní òwúrọ̀, aláìsàn yóò lọ sí ilé-ìwòsàn fún oògùn àti àyẹ̀wò. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò padà sí abúlé, yóò bá wọn ta ayò, yóò bá wọn lọ sí oko bí ó bá lè lọ. Àwọn ará abúlé ń rí owó ilé gbà, ilé-ìwòsàn sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ti omi àti ìmọ́tótó. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí pé wọ́n mọ àṣà àti ìtàn ẹbí tí dókítà kò mọ̀.

Ní òtítọ́, agbo ilé oníṣègùn àtijọ́ ni Lambo gbà lò, tí ó mú ṣẹkẹṣẹkẹ kúrò nínú rẹ̀, tí ó sì fi oògùn ìgbàlódé kún un. Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà ni àwọn dókítà láti gbogbo Áfíríkà ti péjọ ní 1961 láti jíròrò àìsàn ọpọlọ. Ní 1963, Lambo pẹ̀lú Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀ jáde. Ṣáájú àkókò yìí, ní 1953, J. C. Carothers ti kọ ọ́ sínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde pé ìsoríkọ́ kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn ènìyàn dúdú. Ìwádìí Abẹ́òkúta fi hàn pé àwọn àmì rẹ̀ wà káàkiri láàrin wa. Ohun tí ó ṣòro ni pé èdè tí àwọn ènìyàn wa fi ń sọ ọ́ yàtọ̀. Aláìsàn lè má sọ pé inú òun bàjẹ́. Ó lè sọ pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé àyà òun ń já. Èyí ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní ọdẹ orí, tí R. O. A. Makanjuola kọ àkọsílẹ̀ pàtàkì lé lórí ní 1987.

Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ní 1968, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Ó kú ní 2004. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi lélẹ̀ jùlọ ni ẹ̀rí pé ará ìlú lásán, bí a bá fi ọ̀nà hàn án, lè jẹ́ apá kan ìwòsàn.

Fóònù dé

Ní ọdún tí ó ṣáájú kí Lambo tó dé Àrò, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó jọ èyí. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Chad Varah, ti ṣe ìsìnkú ọmọdébìnrin kan ní 1935. Ọmọ náà ti pa ara rẹ̀ nígbà tí ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó rò pé àìsàn burúkú ni, tí kò sì rí ẹni bi léèrè. Varah kò gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1953, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ìpè tẹlifóònù àwọn tí ó ń ronú ikú, nínú ìjọ rẹ̀ ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan yọ̀ǹda ara wọn láti máa fún àwọn tí ó wá rí i ní tíì nígbà tí wọ́n bá ń dúró dè é. Láìpẹ́, Varah ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá kò tún fẹ́ rí òun mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀ tán. Ní 1954, ó fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Báyìí ni ẹgbẹ́ Samaritans ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà, ìgbìyànjú láti pa ara ẹni ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ní Ìlú Ọba. Ọdún 1961 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó pe Varah ń pè láìsí pé ọlọ́pàá tàbí adájọ́ wà ní ẹnu ọ̀nà. Kò pọn dandan kí ó sọ orúkọ rẹ̀. Ohun tuntun tí fóònù mú wá nìyí: aláìsàn fúnra rẹ̀ di ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mú.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè gbilẹ̀ ní Nàìjíríà ní àkókò yẹn, nítorí pé ọwọ́ díẹ̀ ni tẹlifóònù wà. Ìgbà tí GSM dé ní ọdún 2001 ni fóònù tó dé ọwọ́ ará oko. Ní 2016 ni wọ́n dá Mentally Aware Nigeria Initiative sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe olùdarí rẹ̀, tí ó ń gba ìpè àwọn tí ìdààmú bá. Ní ọdún kan náà ni Hauwa Ojeifo dá She Writes Woman sílẹ̀. Ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó, àwọn dókítà àìsàn ọpọlọ gbé ètò SURPIN kalẹ̀ fún dídènà ìpara-ẹni, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a lè pè.

Òfin náà ti ń yí padà. Òfin ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé ilé-ìwòsàn ni kí ilé-ẹjọ́ fi ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ghana pa òfin tirẹ̀ rẹ́ ní 2023. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún Nàìjíríà, èyí tí ó rọ́pò òfin aṣiwèrè ìgbà amúnisìn, tí ó sì kọ ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀. Ó gbà wá ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láti 1916.

Síbẹ̀ ọ̀nà jìn

Ní 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti bá ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Bí ènìyàn 12 nínú 100 ni ó ti ní irú àìsàn yìí kan rí ní ayé wọn. Nínú àwọn tí àìsàn náà le fún tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn dáadáa, bí 8 péré nínú 100 ni ó rí ìtọ́jú kankan gbà láàrin ọdún kan. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch jábọ̀ pé wọ́n ṣì ń fi ẹ̀wọ̀n de àwọn aláìsàn mọ́lẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba kan, ilé oníṣègùn, ilé àdúrà àti ilé kéú kan ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ rí i pé kò sí ẹ̀sìn kan tí ó lè nawọ́ sí èkejì.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ Ìfọ́n àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lógún lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìfọ́n, Ìlobù àti Ẹrín-Ọ̀ṣun. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé. N kò wá dá ẹjọ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà bá parí, a máa ń ka òkú, a máa ń ka ilé. A kì í ka ọmọ tí ó ń jí gìrì ní òru nígbà tí ó bá gbọ́ ariwo, tàbí opó tí kò lè jẹun. Àwọn wọ̀nyí wà ní ìhà méjèèjì ààlà, àìsàn wọn kò sì mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bí ohun kan bá wà tí Ìfọ́n àti Ìlobù lè jọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba láìjà, ìtọ́jú ọkàn àwọn ènìyàn wọn ni.

Bí a ṣe lè wá ìrànlọ́wọ́

Ìtàn tí kò bá wúlò fún ẹni tí ó wà láàyè, àlọ́ ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a lè ṣe. Ká sọ pé ìyá kan ní Ìfọ́n rí i pé ọmọ òun kò sùn mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ó sì ń sọ pé ayé ti sú òun. Níbo ni yóò gbà?

Ìkíní, ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ rò pé ibà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gan-an ni Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé kan wò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, tí ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ní bí a ṣe ń dá ìsoríkọ́, wárápá, ìdàrú ọpọlọ àti ọtí àmujù mọ̀, àti bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ètò náà fi hàn pé nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lè ṣe iṣẹ́ yìí bí a bá kọ́ wọn. Bí ọ̀ràn bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ ìwé fún aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ní Òṣogbo tàbí ní Ilé-Ifẹ̀. Àrò àti Yábàá náà ṣì wà.

Ìkejì, fóònù. Kò yẹ kí a dúró di ọjọ́ ìṣòro kí a tó wá nọ́ńbà. Nọ́ńbà a máa yí padà. Ẹ gbà á láti ọwọ́ ilé-ìwòsàn tàbí ẹgbẹ́ tí a mọ̀, ẹ pè é wò nígbà tí ara le, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pè kò ní láti jẹ́ wèrè. Olùgbọ́ lè bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Kí èyí má ṣe bí ẹnikẹ́ni nínú; bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn, ó máa ń tú ẹrù kalẹ̀ ni. Bí wọn kò bá gbé ìpè kan, kí a pe òmíràn. Ẹbí pẹ̀lú lè pè nítorí ẹni wọn. Bí ewu bá sì ti dé tán, kí a má ṣe fi ẹni náà sílẹ̀ ní òun nìkan rárá. Kí a mú ohun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ ní ibi kúrò nítòsí rẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, kí a sì pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ti orílẹ̀-èdè yìí.

Ìkẹta, a kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ àdúrà tàbí oníṣègùn rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2020, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana, nínú èyí tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn oníwàásù jọ tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ara àwọn tí a tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn tí a tọ́jú bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí Lambo ti rí ní 1954 ni ìwádìí yìí tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti ń fi ṣẹkẹṣẹkẹ de ènìyàn, tí wọ́n ń nà án, tí wọ́n ń fi ebi pa á, tí wọ́n sì ní kí ó da oògùn dókítà nù, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìwòsàn, orúkọ ẹni yòówù kí wọ́n máa pè níbẹ̀.

Ìkádìí

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó dákẹ́. Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdákẹ́ yẹn ní ìtàn. Ẹbí ni ó kọ́kọ́ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ń ṣọ́ orúkọ ilé. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá àti adájọ́ dúró níbẹ̀. Àrò mú ẹbí àti ará abúlé padà wá, láìsí ìdè. Fóònù sì mú kí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè kan ilẹ̀kùn, kódà ní òru, kódà láìsí orúkọ.

Ṣùgbọ́n fóònù tí ó ń dún kò wúlò bí kò bá sí ẹni tí yóò gbé e, tí yóò sì gbọ́ ohun tí ọdẹ orí túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tí ó ń ké. Yunifásítì wa ní iṣẹ́ láti ṣe níbí: kí a kọ́ àwọn olùgbọ́ ní Yorùbá, kí a kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn wa fi ń sọ ìrora ọkàn jọ, kí dókítà àti olùgbọ́ fóònù lè lò ó. Ní ti àwa yòókù, ọdún méje ni Òrìṣà Olúfọ́n fi wà ní ẹ̀wọ̀n nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi arúgbó aláṣọ ìdọ̀tí náà ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìbéèrè kan péré ni ì bá tú u sílẹ̀. Nígbà tí a bá padà dé ilé lónìí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa wo ẹni tí ó ti ń dákẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, kí a sì bi í léèrè.